ÀPÓTÍ ALÙPÙPÙ TÍ Ó KỌ̀ TÍ KÒ ṢÍ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Òwu, Abẹ́òkúta. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n wá.

  

Nígbà tí akọ̀wé kéde pé ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kì àpótí alùpùpù ni a óò sọ, a gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹnìkan béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ owó oṣù ti tán ni. Kò tán o. Ọ̀rọ̀ owó oṣù gan-an nìyí, ojú kọ́kọ́rọ́ ni a kàn fẹ́ gbà wọ inú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa. Ní ìgbà òjò, arákùnrin yìí gbé ẹrù àdìrẹ láti Ìtòkú, ó ń lọ jíṣẹ́ fún oníbàárà kan ní ìhà Lafẹ́ńwá. Àwọn tí ó di ẹrù ti ki aṣọ kún àpótí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ènìyàn méjì ni ó fọwọ́ tẹ ìdérí kí ó tó pa dé. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò yí. Òjò ń rọ̀, oníbàárà ń kanra, fóònù ń dún nítorí ẹrù mìíràn tí ó ń dúró. Ó fi agbára yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣẹ́ sínú. Ó mú sípánà, ó fi wọ́ ìdérí. Ẹrù jáde lóòótọ́, oníbàárà gba aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdérí àpótí là sí méjì. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ti yọ owó àpótí tuntun kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun kan.

Ohun tí ó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ohun tí ìbá ṣí àpótí náà kò ní ná an ní kọ́bọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ̀yin ni ẹ ń di ẹrù sínú àpótí wọ̀nyí ní ilé ìkẹ́rùsí. Àpótí irinṣẹ́ tiyín pẹ̀lú ní lọ́ọ̀kì. Òfin tí a óò sì mẹ́nu bà ní ìparí, òfin kan náà ni fún ẹni tí ó dúró ti ẹ̀rọ àti ẹni tí ó jókòó sórí alùpùpù.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ LỌ́Ọ̀KÌ

Ẹni tí kò mọ inú nǹkan ni í máa lù ú. Lọ́ọ̀kì tí ń lo kọ́kọ́rọ́ kékeré pẹlẹbẹ bí irú èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa lónìí ti pẹ́ láyé. Linus Yale ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní 1861. Nínú lọ́ọ̀kì náà, ohun roboto kan wà tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀. Àwọn ọ̀pá kéékèèké tàbí irin pẹlẹbẹ kéékèèké wà nínú rẹ̀, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n. Eyín ara kọ́kọ́rọ́ ni yóò gbé olúkúlùkù wọn dé ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Bí gbogbo wọn bá dúró bí ó ti yẹ, ohun roboto náà yóò yí. Bí ẹyọ kan péré bá kọ̀, kò ní yí, bí ẹni tí ó ń yí i tilẹ̀ lágbára bí erin.

Lẹ́yìn èyí ni ahọ́n lọ́ọ̀kì wà, ìyẹn ìkọ́ tí ń di ìdérí mú. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá yí, ahọ́n yóò fà sẹ́yìn, ìdérí yóò sì ṣí.

Nítorí náà, àìsàn méjì ni ó wà, kì í ṣe ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ni pé kọ́kọ́rọ́ kò yí. Èkejì ni pé kọ́kọ́rọ́ yí, ṣùgbọ́n ìdérí kò ṣí. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ó ń ṣe yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí oògùn wọn kò jọra.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ UN HÁ

Ẹrù àkúnjù ni ó ṣáájú gbogbo wọn. Bí a bá ki ẹrù kún àpótí, ẹrù náà yóò máa ti ìdérí sókè láti inú. Ìdérí yóò máa fa ahọ́n lọ́ọ̀kì, ahọ́n yóò sì há mọ́ ibi tí ó kọ́ sí. Ẹ wo ẹni tí ó ru ẹrù wúwo sórí, tí ẹ ní kí ó tẹrí ba. Kò lè ṣe é, àfi kí ẹ kọ́kọ́ bá a sọ ẹrù náà kalẹ̀. Àwọn tí ń ṣe àpótí mọ èyí dáadáa. Ilé iṣẹ́ Givi ní Ítálì, tí Giuseppe Visenzi dá sílẹ̀ ní 1978, kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ àpótí ńlá rẹ̀ pé ẹrù inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kìlógíráàmù 10 lọ. Ẹ wo ohun tí a ń kì sínú tiwa, kí ẹ fi wé e.

Eruku ni èkejì. Ilẹ̀ wa ní Ẹ̀gbá jẹ́ ilẹ̀ àpáta àti ilẹ̀ pupa. Nígbà ọyẹ́, eruku pupa yìí a máa wọ ojú kọ́kọ́rọ́ lójoojúmọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá wá bá a níbẹ̀, ó di ẹrẹ̀, bí oòrùn bá pa á, ó di bíríkì. Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ẹrù kiri ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìṣòro tiwọn, nítorí omi inú lọ́ọ̀kì a máa di yìnyín nígbà òtútù. Tiwa ni eruku.

Ìpẹtà ni ẹ̀kẹta. Omi òjò wọ inú lọ́ọ̀kì, kò rí ibi jáde, sípíríǹgì inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Ẹni tí ó ń fi omi fọ alùpùpù, tí ó sì dojú omi kọ ojú kọ́kọ́rọ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń rọ òjò sí i.

Oòrùn ni ẹ̀kẹrin. Ike máa ń fẹ̀ ju irin lọ bí ooru bá mú un. Àpótí ike tí a gbé sí oòrùn ọ̀sán ní Kútọ̀ lè yí padà díẹ̀, ihò tí ahọ́n wọ̀ kò sì ní ṣe déédéé mọ́ títí ara rẹ̀ yóò fi tutù.

Kọ́kọ́rọ́ tí ó ti jẹ ni ẹ̀karùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń lo ọmọ ọmọ kọ́kọ́rọ́. Wọ́n gé èkejì láti ara èkínní, wọ́n gé ẹ̀kẹta láti ara èkejì. Ìdí tí wọ́n fi ń yàtọ̀ síra díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, títí eyín rẹ̀ kò fi ní gbé ọ̀pá inú lọ́ọ̀kì dé ibi tí ó yẹ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ gé kọ́kọ́rọ́, ẹ mú ojúlówó lọ fún agékọ́kọ́rọ́, kí ẹ má mú ẹ̀dà.

Ìṣubú ni ẹ̀kẹfà. Alùpùpù tí ó ti dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí àpótí rẹ̀ kò tilẹ̀ fọ́, híńjì lè ti tẹ̀ díẹ̀. Ojú kò ní rí i, ṣùgbọ́n ahọ́n lọ́ọ̀kì yóò mọ̀ ọ́n.

OHUN TÍ Ẹ ÓÒ ṢE LÓJÚ Ọ̀NÀ

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Bí ẹni pé nítorí lọ́ọ̀kì ni wọ́n ṣe pa òwe náà.

Èkínní, ẹ kúrò lójú títì. A ti rí akẹgbẹ́ wa tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù lálẹ́, létí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, tí ó ń bá kọ́kọ́rọ́ jà. Kò sí ẹrù oníbàárà tí ó tó ẹ̀mí. Ẹ gbé alùpùpù sórí ìdúró rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì bí ó bá ní i, kí ó dúró ṣánṣán, kí ẹrù inú àpótí má fì sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Èkejì, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ ìdérí mọ́lẹ̀, ní òkè lọ́ọ̀kì gan-an, kí ẹ sì fi ọwọ́ kejì yí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Bí ẹrù bá kún púpọ̀, ẹ bẹ ẹni kan kí ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yin máa yí kọ́kọ́rọ́. Èyí nìkan ni ó ń ṣí èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí a ti bá pàdé. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ lónìí, ẹ má ṣe gbàgbé èyí: tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí o tó yí i.

Ẹ̀kẹta, bí kò bá ì yí, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ jáde, ẹ wò ó. Ṣé ó ti wọ́? Ṣé ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀? Ẹ nù ún, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ojú kọ́kọ́rọ́, ẹ tún kì í bọ̀ ọ́. Ẹ kì í dé òpin, kí ẹ fà á sẹ́yìn bíńtín, kí ẹ máa mì ín díẹ̀díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ìka yín bá ti ń dùn yín, agbára ti pọ̀ jù nìyẹn. Kọ́kọ́rọ́ tí ó ṣẹ́ sínú sọ iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan di iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀kẹrin, bí kọ́kọ́rọ́ bá yí ṣùgbọ́n tí ìdérí kò ṣí, ahọ́n ni ó há. Ẹ di kọ́kọ́rọ́ mú síbi tí ó yí sí, kí ẹ fi ìkúùkù gbá àyíká lọ́ọ̀kì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkúùkù ni a wí, a kò wí òòlù. Bí oòrùn bá ti pa àpótí, ẹ wá ibòji, ẹ fi aṣọ tútù lé ìdérí, kí ẹ fún un ní àyè díẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, bí gbogbo èyí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ pe ọ́fíìsì, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún oníbàárà, ẹ padà lọ sí ibi iṣẹ́. Mẹkáníìkì lè gba ẹ̀yìn wọlé, kí ó yọ ọ̀pá híńjì, kí ó sì ṣí ìdérí láìfọ́ nǹkan kan. Sípánà àti irin tí a fi ń tú súkúrù kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti ṣẹ́ sínú, ẹ má ṣe fi gúlù lé e, ẹ má sì fi ìṣó tì í wọlé sí i. Ẹ gbé e lọ fún agékọ́kọ́rọ́.

Ọ̀RỌ̀ EPO

Ní ti epo, àṣìṣe wa pọ̀. Àwọn kan ń da ẹ́ńjìn ọ́ìlì àlòkù sí ojú kọ́kọ́rọ́. Yóò yọ̀ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà gbogbo eruku ọ̀nà ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ń lo òróró ẹ̀pà. Bí ó bá pẹ́, yóò di gọ́ọ̀mù. Àwọn kan ń lo bẹntiróòlù. Ẹ̀yin ará, bẹntiróòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìn gbígbóná, ṣé iná ni a ń pè? Ó sì lè jẹ ike pẹ̀lú.

Pẹ́ńsù tí ọmọ yín fi ń kọ̀wé ní ilé ẹ̀kọ́ dára ju gbogbo wọn lọ. Ẹ fi dúdú inú rẹ̀ kun eyín kọ́kọ́rọ́ dáadáa ní ìhà méjèèjì, ẹ kì í bọ ojú rẹ̀, ẹ fà á jáde, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Dúdú yẹn ń yọ̀, ṣùgbọ́n kò tutù, eruku kò sì ní rí ibi lẹ̀ mọ́.

Bí ìpẹtà bá ti wọ̀ ọ́, ẹ lè lo WD-40 tí wọ́n ń tà nínú agolo. Ní 1953 ni wọ́n ṣe é ní ìlú San Diego ní Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún ni láti lé omi kúrò lára irin, iye 40 inú orúkọ rẹ̀ sì ń sọ iye ìgbà tí wọ́n gbìyànjú kí ó tó bọ́ sí i. Ó dára fún lílé omi àti fún títú ìpẹtà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára irin. Bí ẹ bá fọ́n ọn, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tó padà sórí pẹ́ńsù. Gírísì wà fún híńjì àti fún ìta ahọ́n, bíńtín ni. Kò gbọdọ̀ wọ ojú kọ́kọ́rọ́.

ÌTỌ́JÚ

Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lọ́sẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ojú kọ́kọ́rọ́ àti ihò tí ahọ́n ń wọ̀. Ẹ wo rọ́bà etí ìdérí, nítorí bí ó bá ti ká lójú kan, òun náà lè ti ìdérí sókè. Ẹ wo súkúrù lọ́ọ̀kì bóyá gbígbọ̀n ọ̀nà ti tú u. Ẹ kun pẹ́ńsù lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lẹ́ẹ̀méjì nígbà ọyẹ́. Bí nọ́ńbà bá wà lára kọ́kọ́rọ́ yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbòmíràn. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí ọ́fíìsì. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹnìkan nínú wa fi kọ́kọ́rọ́ kejì sínú àpótí náà gan-an, ó sì tì í.

Ẹ̀yin adìẹrù, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín kò ju ẹyọ kan lọ. Bí ìdérí kò bá lè fúnra rẹ̀ balẹ̀ láìsí pé a tẹ̀ ẹ́, ẹrù ti pọ̀ jù. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Ohun tí ẹ fi agbára tì pa, akẹgbẹ́ yín ni yóò fi owó oṣù rẹ̀ ṣí i.

TA NI YÓÒ SAN OWÓ RẸ̀?

A padà sọ́dọ̀ arákùnrin wa. A bá a lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wá ni pé, ìwé wo ni ó fi sọ pé lọ́ọ̀kì náà ní àìsàn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni lọ́ọ̀kì náà ti ń há. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti fẹnu sọ ọ́ fún ẹni tí ń bójú tó àwọn alùpùpù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ ní òun kò rántí. Lẹ́yìn àròyé púpọ̀, ìdajì owó náà ni a rí gbà padà. Àìsí ìwé ni ó jẹ ìdajì kejì.

Ẹ gbọ́ ohun tí òfin wí. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun gbé jáde gẹ́gẹ́ bí àṣẹ nọ́ńbà 21 ti 1974, tí ó sì wà nínú àkójọ òfin àpapọ̀ ti 2004, sọ ọ́ ní ìpín 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn kúrò nínú owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó bà á jẹ́ nípa àìbìkítà, agbanisíṣẹ́ lè yọ iye tí ó bá ojú mu, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ìpín yẹn kan náà sọ pé gbogbo ohun tí a bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ìpín 7 sì sọ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀, ó pẹ́ tán, kí oṣù mẹ́ta tó pé tí ó wọṣẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ fún pé alábàáṣe ni yín, ẹ kì í ṣe òṣìṣẹ́, ẹ béèrè ìwé yẹn ṣáájú ohun gbogbo, kí ẹ sì gbé e wá kí á jọ kà á.

A kò sọ pé arákùnrin wa kò ṣe àṣìṣe. Ó fi sípánà wọ́ ìdérí, àwa náà sì bá a wí. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀gá nìkan kọ́ ni yóò jẹ́ olùfisùn, adájọ́ àti ẹni tí ń gba owó. Bí ó bá sì di ọjọ́ àròyé, ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dúró.

Nítorí náà, ẹ̀ka yìí ń bẹ̀rẹ̀ ohun kan láti òní lọ. A ti ra ìwé àkọsílẹ̀ fún ibùdó kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ẹgbẹ́ wa wà. Bí lọ́ọ̀kì yín bá há lẹ́ẹ̀kan péré, bí ó tilẹ̀ ṣí nígbẹ̀yìn, ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀, nọ́ńbà alùpùpù, ohun tí ó ṣe, àti orúkọ ẹni tí ẹ sọ fún. Kí ẹni náà fọwọ́ sí i. Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ pé ó kọ̀, kí akẹgbẹ́ yín kan fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó bẹ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àpótí tí ilé iṣẹ́ fún wa, irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ ni. Ìtọ́jú ojoojúmọ́ jẹ́ tiwa, àtúnṣe jẹ́ tiwọn, ìwé sì ni yóò fi ààlà sáàárín méjèèjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ni alùpùpù àti àpótí yín fúnra yín, kò sí ọ̀gá tí yóò yọ owó yín. Ṣùgbọ́n owó àpótí tuntun, àpò yín náà ni yóò ti jáde. Pẹ́ńsù ọmọ yín wà nílé.

Ẹ jẹ́ kí á fi í síbẹ̀. Bí lọ́ọ̀kì bá há, tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí o tó yí i. Bí ó bá ṣí, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó gbàgbé. Iṣẹ́ kò ní pa wá, ọ̀nà kò ní gbé wa mì.